Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà Ló Wà Lára Isbrand

Edmonton,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2013.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù, ẹ kú àdáwà láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gba ìpè láti àtìmọ́lé. Ẹ ní ẹ ò lè máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí wọ́dà máa gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́dà á ka lẹ́tà yìí náà, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí.

Wọ́n ti ní mo jẹ̀bi. Mi ò jiyàn. Èmi ni mo fi sípánà ńlá lu Wade Corrigan nínú ilé oúnjẹ àwa òṣìṣẹ́ epo. Ìyà tí wọ́n máa fi jẹ mí ló kù. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ìgbà kẹta rèé tí mo máa ṣe ènìyàn léṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí adájọ́ pè mí ní ẹni eléwu. Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀, Màmá, wọn kì í ka ọdún fún un. Wọ́n á tì í mọ́lé títí ẹnì kan á fi sọ pé ó tó, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kú síbẹ̀ kí ẹni yẹn tó la ẹnu.

Ìyáàfin Tkachuk tó ń gba ẹjọ́ mi rò ti rí dókítà kan, Lindqvist lorúkọ rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wádìí, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Ó ní àwọn ọkùnrin kan wà tí ọ̀kan bàjẹ́ lára wọn, tí ìbínú wọn ò fi ní ìjánu. Wọ́n yẹ̀ mí wò. Ó wà lára mi. Tí a bá lè fi hàn pé ìdílé ni mo ti jogún rẹ̀, adájọ́ lè rí i pé aláìsàn ni mí, kó fún mi ní ọdún tó níye àti ìtọ́jú.

Itọ́ yín ni wọ́n fẹ́. Ìgò oníke kékeré kan á dé, ẹ tu ú sínú rẹ̀. Kí ẹ sì bá mi kọ nǹkan díẹ̀ nípa ìbínú Bàbá. Gbogbo abúlé ló mọ bí àwọn Sawatzky ṣe ń gbóná.

Ọmọ yín,
Bernhard.


Silberthal, Manitoba,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin, 2013.

Bernhard,

Mo kí ọ. Ara mi le. Yìnyín ṣì wà lẹ́yìn abà.

Lẹ́tà rẹ gùn, o kò sì rí àyè nínú rẹ̀ láti sọ bí Wade Corrigan ṣe wà. Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyáàfin Tkachuk. Ó ní eegun àgbọ̀n rẹ̀ kò jinná dáadáa, pé ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, àti pé kò lè pe orúkọ ọmọ tí ó bí.

O ní kí n kọ nípa ìbínú bàbá rẹ. Kornelius sọ korobá wàrà lu ògiri abà lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ màlúù náà. Ó wọlé, ó bẹ èmi pẹ̀lú. Mo ti kọ ọ́.

Ní ti itọ́, n kò ní tu ú. Ìwọ fúnra rẹ ni o dúró níwájú ìjọ ní ọmọ ogún ọdún, tí o sì sọ pé o yan ìrìbọmi. A kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi láàárín wa, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kò lè yàn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó gbé sípánà, ta ni ó gba ìrìbọmi? Màlúù tí ó kan ènìyàn kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dárí jì í. Ṣe ni a ń so ó mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni a lè dárí jì, èmi kò sì ní fi itọ́ mi sọ ìwọ di màlúù.

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́.

Ìyá rẹ,
Aganetha Sawatzky.


Edmonton,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2013.

Màmá,

Ẹ kú ilé. Ìbọ̀sẹ̀ dé. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní okùn òwú rẹ̀ nípọn tó láti fi pokùn so. Ẹ ṣeun.

Ẹ fẹ́ kí n jẹ́ ènìyàn nínú àtìmọ́lé. Èmi fẹ́ jẹ́ màlúù níta. Màlúù ń rí koríko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí Dókítà Lindqvist sọ fún mi lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí yín. Ó ní ọmọkùnrin kì í jogún jíìnì yìí lọ́dọ̀ bàbá. Ìyá ló ń fi lé e lọ́wọ́. Ó lè wà lára obìnrin kí ó má ṣe é ní nǹkan kan, ọkùnrin tó bá bọ́ sí lára ni wàhálà bá. Ilé tiyín ni, Màmá. Ilé Giesbrecht onísùúrù, tí wọn kì í gbé ohùn sókè. Gbogbo ìgbà tí mo bá bínú ní kékeré, ẹ máa ń wo Bàbá bí ẹni pé òun ló rà á wálé. Ọkùnrin yẹn kú pẹ̀lú ẹrù yín lórí.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù nílé yín, Bàbá Isbrand àbúrò yín. Wọ́n fẹ́ itọ́ tiẹ̀ náà.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n wádìí kí wọ́n tó dájọ́. Ó ṣe wá jẹ́ pé tèmi nìkan lẹ dá láìwádìí?

Bernhard.


Silberthal,
Ogúnjọ́, oṣù kẹfà, 2013.

Bernhard,

Mo kí ọ. A ti gbin irúgbìn. Òjò kò pọ̀.

Mo ti tutọ́. Kì í ṣe nítorí èébú rẹ. O ní kí n wádìí, èyí sì tọ́.

Isbrand wá jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sì gbé ìgò méjèèjì ka orí tábìlì. Ìlànà wọn ni pé kí a má fi nǹkan kan ẹnu fún ìgbà díẹ̀ ṣáájú. Isbrand wo búrẹ́dì, ó wo wàrà dídì, ó wo èmi.

"Aganetha, ìjọba wo ló ní kí àgbàlagbà jókòó ti búrẹ́dì kó máa wò ó níran?"

"Dókítà ni, kì í ṣe ìjọba."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi itọ́ mi ṣe? Láti kékeré ni mo ti ń jẹ hóró sọ́nfáláwà, tí mo ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ ilé yìí. Ìgbálẹ̀ ni Ìyá fi ń lé mi. Èmi ò mọ̀ pé àwọn kan ń wá a kiri ní Edmonton."

"Tu ú, kí o sì dákẹ́."

"Ẹni tó ń dákẹ́ kì í rí itọ́ tu."

Ó tu ú. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní ó dán ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí: "Tí wọ́n bá wá rí i lára mi ńkọ́?"

Mo ní: "Lára ìwọ? Ẹni tí ó ń darí orin ìjọ láti ìgbà èwe rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dé ìgò náà. Ó fún ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn títí oníke náà fi là, mo sì ní láti béèrè òmíràn lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́.

Ìyá rẹ,
Aganetha Sawatzky.


Edmonton,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 2013.

Màmá mi,

Ẹ kú oko, ẹ kú ooru. Ẹ ṣeun tí ẹ tutọ́. Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ má jẹ́ kí n máa pariwo.

Èsì ti dé. Mo gbọ́ pé dókítà fi ti kálukú ránṣẹ́ sí i, nítorí náà ẹ̀yin náà á ti mọ̀. Ó wà lára yín. Ó wà lára Bàbá Isbrand. Ohun kan náà ni, ibi kan náà ló ti bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ láàárín èmi àti Ìyáàfin Tkachuk. Gọ́ọ̀mù ló máa ń jẹ tó bá ń ronú.

Ó ní: "Bàbá yìí, ó ti lu ènìyàn rí?"

Mo ní rárá.

"Ìyàwó ńkọ́? Ajá ńkọ́? Kò tiẹ̀ fọ́ àwo?"

Mo ní: "Orin ló ń darí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí eṣinṣin bá wọlé, ó máa ń ṣí fèrèsé fún un."

Ó dẹ́kun gọ́ọ̀mù jíjẹ. Ó ní: "Bàbá rere yẹn máa pa wá."

Ṣé ẹ rí i? Èmi ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ló sọ mí di báyìí. Tí wọ́n bá rí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà tó sì ń ṣí fèrèsé fún eṣinṣin, ọ̀rọ̀ mi ti tán. Ó ní a máa lo èsì tèmi àti tiyín, a máa fi ti Bàbá Isbrand pamọ́. Òfin ò ní kí a gbé ohun tó máa pa wá jáde. Kì í ṣe irọ́, Màmá. Dídákẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ sì mọ dídákẹ́ jù ní gbogbo Manitoba. Ẹ dákẹ́ nítorí tèmi lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ọmọ yín,
Bernhard.


Silberthal,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹsàn-án, 2013.

Bernhard,

Mo kí ọ. Ìkórè ti parí.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, n kò sí nílé. Mo wà ní Alberta.

O mọ ìlànà wa. Kí a tó jẹ búrẹ́dì, kí a tó mu nínú ife, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá a lójúkojú. A kì í lọ sí kóòtù. Ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ń lọ. Ìwọ kò lè lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì lọ sí ilé Wade Corrigan ní Red Deer.

Lorna ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn. Ó wo ìborí mi, ó wo apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ mi.

"Ẹ̀yin ni ìyá ẹranko yẹn."

"Èmi ni ìyá Bernhard."

"Kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀?"

"Búrẹ́dì ni."

"Wade ò lè jẹ búrẹ́dì. Ọmọ yín ti bá wa yanjú ìyẹn. Ẹ wọlé, kí aládùúgbò má rò pé Jésù lẹ ń tà kiri."

Ọkọ rẹ̀ jókòó nídìí tábìlì. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní mo wá tọrọ àforíjì ní orúkọ ilé mi. Ó gbé ìka kan sókè sí mi. N kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Lorna ní: "Ẹ má bèèrè. Èébú ni. Òun nìkan ló kù tó lè sọ já gaara."

Ó jókòó, ó sì ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní: "Agbẹjọ́rò yín sọ níwájú adájọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ló fà á. Ṣé gbogbo yín lẹ rí báyìí? Ṣé kí n máa retí àbúrò rẹ̀ náà ni?"

Mo ní: "Kò ní àbúrò. Àbúrò tèmi ní ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì gbá ẹnikẹ́ni létí rí."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Ó mú tẹlifóònù rẹ̀ kí n tó kúrò ní àgbàlá.

N kò mọ̀ pé ìwọ fẹ́ kí n dákẹ́. Bí mo bá mọ̀, n kì bá dákẹ́. Obìnrin náà bi mí ní ìbéèrè nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Aganetha Sawatzky.


Edmonton,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2013.

Màmá,

Wọ́n ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí Bàbá Isbrand. Agbẹjọ́rò ìjọba ló pè é.

Ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ fún mi, ẹ tà mí níbẹ̀, ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì padà wálé wá jẹ oúnjẹ Olúwa. Mo bi Ìyáàfin Tkachuk bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ó ti rí ìyá tó parọ́ fún ọmọ, ó ti rí ìyá tó sá. Ó ní èyí ṣàjèjì sí òun.

Ohun kan ló kù. Mo bẹ̀ yín lórí eékún mi. Ẹ bi Bàbá Isbrand, ẹ̀yin méjì péré, bóyá ìbínú ti gbé e rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan. Bóyá ó tiraka. Tó bá tiraka, kó sọ ọ́ níwájú adájọ́. Adájọ́ á rí i pé ẹrù gidi ni, pé ẹni tó rí ohun dì mú lè gbé e. Wọ́n á fún mi ní ìtọ́jú. Ẹ kàn bi í ni. Mi ò ní kí ẹ kọ́ ọ ní irọ́.

Bernhard.


Silberthal,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, 2013.

Bernhard,

Mo kí ọ.

N kò ní bi í. A kì í bá ẹlẹ́rìí sọ ohun tí yóò sọ. Mo mọ àbúrò mi láti inú àtẹ́lẹwọ́ Ìyá wa. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bi í tí n kò mọ̀.

Isbrand kì í parọ́. Ohun tí ó bá rí ni yóò sọ.

Ìyá rẹ,
Aganetha Sawatzky.


Edmonton,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, 2014.

Màmá,

Ẹ kú òtútù.

Bàbá Isbrand wọ ẹ̀wù òtútù dúdú tó fi ń lọ sí ìsìnkú. Àwọn mẹ́ta láti ìjọ bá a wá, wọ́n jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ilé. Akọ̀wé gbé Bíbélì fún un, ó ní àwa kì í búra, pé tí òun bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Wọ́n gbà fún un.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní: "Bàbá, ìbínú ti gbé yín rí débi tí ẹ fi fẹ́ ṣe ènìyàn léṣe?"

Ó di etí pákó ibi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí mú. Ó ní: "Rárá."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Rárá."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ adájọ́ sórí. Ó ní: "Ẹ̀jẹ̀ kò lè gba Bernhard Sawatzky sílẹ̀ lórí ohun tí ó ṣe, nítorí pé àbúrò ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ kan náà, ó sì yan àlàáfíà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ mú wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ yìí kò ní oògùn. N kò lè ṣèlérí fún ìlú pé yóò yàtọ̀ lọ́la." Ó wá pè mí ní ẹni eléwu. Kò sí iye ọdún.

Ṣé ó yé yín? Lórí ohun tó ti kọjá, ènìyàn ni mí, kí n jẹ ìyà mi. Lórí ohun tó ń bọ̀, màlúù ni mí, kí wọ́n so mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ènìyàn, èmi ni mo fẹ́ màlúù. Adájọ́ fún wa ní méjèèjì.

Ìyáàfin Tkachuk máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kò jẹ gọ́ọ̀mù nígbà tó sọ ọ́.

Bernhard.


Silberthal,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 2014.

Bernhard,

Mo kí ọ. N kò lè sọ pé ara mi le. Mo ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà abà, egungun ìbàdí mi sì sán. Mo ń fi ọ̀pá rìn láti orí ibùsùn dé ìdí ààrò. Oúnjẹ kì í wù mí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí o mọ̀. Isbrand wá sí ilé mi lẹ́yìn ìpàdé ìjọ ní ìparí oṣù kejì. Kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Aganetha, mo parọ́."

"Níbo?"

"Níbẹ̀ yẹn."

Ó ń bá a lọ.

"Ọdún tí Heinrich Toews sún odi rẹ̀ wọ ilẹ̀ mi, mo gbé àáké. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbàdúrà oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo padà. Mo wọ abà mi lọ, mo fi eyín bu ìjánu ẹṣin jẹ títí ẹnu mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìjánu yẹn ti di méjì, ó ti di mẹ́ta. Mo máa ń sọ fún Katharina ìyàwó mi pé eku ló ń jẹ ẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún adájọ́?"

"Wọ́n jókòó lẹ́yìn mi. Àwọn ọmọ wọn ni mò ń kọ́ ní orin." Ó tún ní: "Ká ní ìwọ lo bi mí nílé, ǹ bá sọ fún ọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí o bi mí. O ò bi mí rí."

Mo ní kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó bẹ̀ mí. Ó ní: "Wọ́n á yọ mí kúrò nínú ìjọ. Ní ọjọ́ orí mi yìí, Aganetha, níbo ni mo fẹ́ jókòó sí?"

Mo ní: "Níbi tí ọmọ mi jókòó sí, kò sí orin."

Mo kọ ọ́ fúnra mi. Mo fi ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Tkachuk. Mo fi ọ̀kan náà ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò ìjọba, nítorí kò tọ́ kí apá kan gbọ́ kí apá kejì má gbọ́. Mo sì sọ fún àwọn àgbà ìjọ.

Wọ́n ti mú un kúrò lórí ìjókòó àwọn olórin. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ mu nínú ife. Àwọn ìyá a máa fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí ó bá ń kọjá, nítorí irọ́ náà ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n n kò rí i pé wọ́n ń fa ọmọ sẹ́yìn fún òpùrọ́ mìíràn. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá lọ sí oko rẹ̀. Kò kí mi. Ẹnikẹ́ni kò jókòó tì mí ní ìjọ.

N kò kọ èyí láti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ.

Ìyá rẹ,
Aganetha Sawatzky.


Edmonton,
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 2014.

Màmá,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrora ìbàdí.

Àwọn adájọ́ àgbà ti dá ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nù. Ìyáàfin Tkachuk ní ká ní Bàbá Isbrand sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, láti ẹnu ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà mí. Kò dá a lójú, ó ní ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín ti dọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba, òun ló sì kọ́kọ́ dìde. Ó ní: "Ẹ̀yin adájọ́, ẹ wò ó. Kódà ẹni jẹ́jẹ́ inú wọn gbé àáké. Ìjánu ẹṣin ló gba aládùúgbò rẹ̀ là. Ta ló fẹ́ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ kó máa wá ìjánu kiri?"

Nígbà tí Bàbá Isbrand jẹ́ ẹni rere, ẹ̀jẹ̀ yẹn tì mí mọ́lé. Nígbà tó di ẹni burúkú, ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà tún ilẹ̀kùn tì. Mo ti wá rí i pé ọwọ́ ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ti sọ̀rọ̀.

Mo ní wọ́dà kan níbí, ọmọ kékeré ni. Ó ka ìwé yín kó tó gbé e fún mi. Ó ní: "Sawatzky, ṣé ìyá ẹ ni àbí agbẹjọ́rò ìjọba kejì?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe tí wọn ò ní torí rẹ̀ tì mí mọ́ yàrá àdáwà tí wọ́n fi ń jẹni níyà.

Màmá, ẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn nìyí. Ẹ má sọ òtítọ́ kankan fún mi mọ́. Èyí tí mo ti gbọ́ tó mi títí màá fi kú síbí. Tí ẹ bá máa kọ̀wé, ẹ kọ irú èyí tí ìyá ẹlòmíì máa ń kọ sí ọmọ. Tí ẹ ò bá lè kọ ọ́, ẹ má kọ. Èyí tí òtítọ́ bá wà nínú rẹ̀, màá ní kí wọ́n dá a padà láìkà á.

Bernhard.


Silberthal,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, 2014.

Bernhard ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ gan-an ni. Ara mi le. Ìbàdí mi ti jinná pátápátá, n kò lo ọ̀pá mọ́, mo sì ń jẹun dáadáa.

Isbrand jókòó sí iwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ó ti padà sórí ìjókòó àwọn olórin. Àwọn ọmọdé ń gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá wọn kò sì ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní inú òun kò bàjẹ́ sí mi.

Ìjọ ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ìyáàfin Corrigan kọ̀wé sí mi pé ọkọ òun ti ń sọ̀rọ̀.

Dókítà Lindqvist náà kọ̀wé. Ó ní àwọn ṣe àṣìṣe. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kò sí nínú tèmi.

Wọn kì í ti ènìyàn mọ́lé láìlópin. Wọn yóò fi ọ́ sílẹ̀ kí ìkórè tó dé. Mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ.

Ìyá rẹ,
Aganetha.